Bí Miss Loretta Ṣe Wọ Omi ní Snellville

Pupa ni mí kí n tó dé Amẹ́ríkà. Ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí wọ́n bí mi sí, bí ẹnìkan bá dúró ní òdìkejì títì tó pariwo "Pupa o!", èmi ni n óò dáhùn, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè máa bá wí. Àwọn ọmọ kíláàsì wa tilẹ̀ máa ń sọ pé bí iná bá lọ, kí wọ́n gbé mi sórí tábìlì kí gbogbo ilé lè ríran. Mo wọ bàálù gẹ́gẹ́ bí obìnrin pupa, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Atlanta, mo di dúdú. Ẹnikẹ́ni ò kùn mí lọ́dà. Wọ́n kàn wò mí, ó parí.

Mo pe màámi lórí fóònù, mo sọ fún wọn.

"Dúdú? Ìwọ? Ṣé oòrùn ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe oòrùn, Màámi. Bí wọ́n ṣe ń kà á níbí nìyẹn. Ẹni tí kò bá ti funfun, dúdú ni."

"Ẹni tó wà láàárín ńkọ́?"

"Kò sí àárín, Màámi."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣáà máa fi òrí para."

Ọkọ mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, Williams sì ni orúkọ ìdílé wọn, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tó ti Sàró padà wálé láyé àtijọ́. Orúkọ yìí ló kọ́kọ́ fi ìlú náà hàn mí. Nígbà tí a ń wá ilé tí a óò rà, ọkọ mi á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá èèyàn ta ilé. Wọ́n á rí "Williams", èsì wọn á dùn bí oyin: ẹ máa bọ̀, Mr. Williams, ilé ti ń dúró dè yín. A ó wakọ̀ débẹ̀. Obìnrin tó ń ta ilé á jáde, á wo ọkọ mi, á wò mí, á wá wo ẹ̀yìn wa bóyá Mr. Williams ṣì ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni á rántí pé ẹnìkan ti gba ilé náà láàárọ̀ yẹn gan-an.

"Ṣùgbọ́n mo mọ ibìkan tí ẹ máa gbádùn," ni á wí, á sì júwe apá gúúsù ìlú fún wa, níbi tí gbogbo ojú tí a bá rí ti jọ tiwa.

Kì í ṣe pé ibẹ̀ burú. Ilé ibẹ̀ lẹ́wà, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì mọ èèyàn kí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé obìnrin tí kò rí wa rí ti mọ ibi tí a máa gbádùn kó tó mọ ohun tí a ń jẹ. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ níbòmíràn, ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Orúkọ àwọn baba mi ń ra ilé, ojú mi ń dá a padà."

Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín, Uncle kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣe iṣẹ́ ilé títà bá wa rí ọ̀kan ní Snellville, nínú ẹ́sítéètì kan tí onírúurú èèyàn wà. Àwọn funfun tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́ wà ńbẹ̀, àwọn ará Kòríà wà ńbẹ̀, àwọn dúdú náà wà. Mo rò pé ó tán nìyẹn.

Ẹ wò ó, kí n tó dé Atlanta, mo ti ń retí pé n óò rí pátákó kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn kan ò gbọdọ̀ kọjá. Àwọn àgbà sọ pé irú rẹ̀ wà nígbà kan. N ò rí ọ̀kankan. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo èèyàn mọ ibi tí pátákó náà dúró sí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń rìn yí ojú ibẹ̀ ká láìsí ẹni tó pàṣẹ fún wọn. Ọjọ́ Àìkú ló fojú hàn jù. Jésù kan náà, Bíbélì kan náà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di àkókò ìsìn, àwọn funfun á lọ síhìn-ín, àwọn dúdú á lọ sọ́hùn-ún. Àwa ọmọ Nàìjíríà náà á gba tiwa lọ, a ó kọrin títí oòrùn á fi yí, torí pé àwa náà, ká má parọ́, a ò bá ẹnikẹ́ni jókòó.

Snellville dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ rìn. Lọ́jọ́ kan tí mo rìn lọ ra búrẹ́dì, mọ́tò méjì dúró lẹ́bàá mi, àwọn tó wà nínú wọn fẹ́ mọ̀ bóyá mọ́tò mi ló bàjẹ́. Mo ní rárá, mò ń rìn ni. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní mò ń fò. Mo lè lo odindi ọ̀sẹ̀ láìbá aládùúgbò kan sọ ju "háì" lọ, háì náà á sì gba inú gíláàsì mọ́tò kọjá.

Ohun kan ló mú inú mi dùn níbẹ̀: púùlù. Ní àárín ẹ́sítéètì wa, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi táìsì tẹ́ ẹ, wọ́n rọ omi kún un, wọ́n fi irin ṣọgbà yí i ká, wọ́n sì fún ilé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí wọ́n fi ń ṣí géètì. Apẹja ni bàbá mi. Etí ọ̀sà ni ilé wa wà. Kí n tó mọ a, b, d ni mo ti ń lúwẹ̀ẹ́. Omi púùlù yìí ò rùn bí ẹja, kò ní ewéko, kò sì ní ibi tó ń lọ. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò. Síbẹ̀, omi ni. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bẹ́ sínú rẹ̀ tí mo rì sísàlẹ̀, tí etí mi dí, mo gbọ́ ilé.

Mo pe àwọn aunty ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n wá bá mi wẹ̀. Ọ̀kan ní irun òun ò gbọdọ̀ fojú kan omi. Òmíràn ní kí ni òun fẹ́ sọ fún pásítọ̀ bó bá gbọ́ pé òun bọ́ra sí gbangba. Ẹnìkan péré ló wá. Ó jókòó sábẹ́ agboòrùn, ó jẹ mọ́ínmọ́ín, ó ya fọ́tò mi nínú omi, ó lọ sílé. Fọ́tò yẹn ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Ní ọsibítù ńlá kan ní Downtown, àárín gbùngbùn Atlanta, ni mo ti rí iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí nílé, ṣùgbọ́n níbí, títí n óò fi yege ìdánwò tiwọn, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mí: mò ń wẹ aláìsàn, mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Miss Loretta ni ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń pín aṣọ ibùsùn. Obìnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ga bí igi àgbọn, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì. Ó ní àga ilé ló ń pa àwọn ẹgbẹ́ òun.

Ní òwúrọ̀ tí a kọ́kọ́ pàdé, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí i. Ó bá mi wo ilẹ̀.

"Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní kò sí ohun tó bọ́, pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa," ó ní, "máa ṣe é lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí irú rẹ̀ níbí." Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní "ẹ". Bí ẹ bá rí "ẹ" nínú ọ̀rọ̀ tí mo bá Miss Loretta sọ, ẹ mọ̀ pé eékún mi ló sọ ọ́.

Òun ló ń túmọ̀ ìlú náà fún mi. Mo bi í pé kí ló dé tí reluwé ò fi dé Snellville, tó jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ wakọ̀ lọ bá a lọ́nà jíjìn kí n tó wọ̀ ọ́ wá síbi iṣẹ́.

"Wọ́n bi àwọn ará ọ̀hún bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Àwọn kan ní bí reluwé bá débẹ̀, àwa náà á débẹ̀."

"Ta ni 'àwa'?"

"Èmi àti ìwọ."

"Ṣùgbọ́n mo ti débẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Wọ́n kàn rí i dájú pé o pẹ́ lọ́nà ni."

Lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó funfun kan tí mò ń tọ́jú di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun fẹ́ràn àwa ará Áfíríkà, pé a kì í ṣe bíi "tàwọn yẹn". Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà tí Miss Loretta ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jáde. Bàbá náà rò pé ẹ̀bùn lòun fún mi. Ìyìn tó ní egungun nínú ni: n ò lè gbé e mì, n ò sì lè tu ú sójú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Miss Loretta, n kò mọ̀ bóyá á bínú. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ti Chicago wá náà nìyẹn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń dáa."

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi láti ìgbà náà ni pé: ta ni mí níbí gan-an? Àwọn funfun gbọ́ ohùn mi, wọ́n yọ mí kúrò lára dúdú. Ọlọ́pàá tó dá mi dúró lójú ọ̀nà Loganville ò tíì gbọ́ ohùn mi, nítorí náà mo ṣì wà lára wọn títí mo fi sọ gíláàsì kalẹ̀ tí mo sì lanu. Mò ń wọlé, mò ń jáde, bí ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni mo fi fọ́tò púùlù yẹn han Miss Loretta. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ìwọ lo wà lórí omi yìí? Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ta ló kọ́ mi bí? Omi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó dá fóònù padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ibùsùn tí kò tíì tó àkókò àti ká.

"Púùlù ńlá kan wà ní ìlú wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ó ní. "Ti ìjọba ni. Owó orí bàbá mi wà nínú rẹ̀. Àwọn funfun nìkan ló ń wẹ̀ níbẹ̀. Àwa máa ń dúró lẹ́yìn ọgbà irin, a ó máa wò wọ́n. Nígbà tí òfin wá dé pé kí wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ. Wọ́n fi tirela kó iyẹ̀pẹ̀ wá, wọ́n dí i, wọ́n gbin koríko sórí rẹ̀."

"Wọ́n dí i? Kí ẹ má bàa wẹ̀?"

"Kí a má bàa bá wọn wẹ̀."

"Àwọn fúnra wọn ńkọ́?"

"Àwọn olówó inú wọn gbẹ́ tiwọn sẹ́yìn ilé. Àwa lọ sódò." Ó ká aṣọ kan, ó tẹ́ ẹ, ó tún un ká. "Ẹ̀gbọ́n mi Raymond lọ sódò. Kò padà wálé. Láti ọjọ́ náà, ìyá wa ò jẹ́ kí a sún mọ́ omi tó bá ju ti inú báàfù lọ. Èmi náà ò jẹ́ kí àwọn ọmọ mi sún mọ́ ọn. Àwọn ọmọ mi ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwọn sún mọ́ ọn."

Nílé, a ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń tu ẹni tí omi gbé èèyàn rẹ̀ lọ nínú. Mo wá a ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò rí i. Mo bá a mú etí aṣọ kejì, a sì jọ ká a. Mò ń rò ó lọ́kàn pé iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sínú kòtò kan láyé àtijọ́ ti bo ìran mẹ́rin mọ́lẹ̀, tirela tó kó o wá sì ti lọ tipẹ́.

Nígbà tí mo sọ ìtàn náà fún màámi, n kò lè ṣe é kó yé wọn.

"Omi ni wọ́n dí? Omi tí àwọn náà ń wẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé kò sí àgbàlagbà ní ìlú náà ni?" Wọ́n pòṣé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ fún aládùúgbò wọn, aládùúgbò náà sì ní irọ́ ni, pé inú Amẹ́ríkà ò lè kúrú tó bẹ́ẹ̀. Màámi padà sórí fóònù. "Ìyá yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Wọ́n ti lé ní àádọ́rin."

"Kò tíì pẹ́ jù. Kọ́ ọ."

N kò tíì mọ bí n óò ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kí Miss Loretta fúnra rẹ̀ tó wá bá mi níbi tí mo ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò kí mi.

"Ṣé o lè kọ́ mi?"

"Nígbà wo lẹ fẹ́?"

"Kí n tó kú ṣáá ni. Ṣùgbọ́n Sátidé náà dáa."

Ní Sátidé náà, Miss Loretta wakọ̀ wá sí Snellville. Ó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ oníyẹ́lò tó ní òdòdó ńláńlá, ó fi yẹtí góòlù sétí, ó fi jígí dúdú sójú. Ó dúró létí omi bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Ó ki àtàmpàkò ẹsẹ̀ kan bọ omi, ó yọ ọ́. Ó ní ó tó fún òní.

A jókòó, a jẹ kúkísì tó gbé wá. Sátidé kejì, ẹsẹ̀ méjèèjì wọ omi. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, ó sì di apá mi mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi bi mí nílé pé ta ni mo bá jà. Mo sọ ohun tí bàbá mi máa ń sọ fún un: "Ẹni tó bá bá omi jà nìkan ni omi ń bá jà. Ẹ jẹ́ kó gbé yín."

"Ó ti gbé ẹnìkan lọ nílé wa," ó ní.

Mo na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ omi, mo dúró. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó gbàdúrà sínú, mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Lẹ́yìn náà ló fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ọwọ́ mi bí ọmọ tuntun. Ó le bí pákó fún ìgbà díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ó dẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi kúrò, n kò sọ fún un. Ó léfòó, ó ń wo ojú ọ̀run, etí rẹ̀ wà nínú omi, yẹtí góòlù náà ń tàn yẹ́ríyẹ́rí nísàlẹ̀.

"Má mú ọwọ́ kúrò o," ó pariwo.

"Mo ti mú un kúrò tipẹ́, Ma."

Ó rì lójú ẹsẹ̀. Ó dìde, ó ń wúkọ́, ó ń bú mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ká tún un ṣe.

Ibi tí a ti ń tún un ṣe ni Mr. Gary ti dé. Bàbá funfun tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun ló ń bójú tó púùlù fún ẹgbẹ́ onílé. Ó dúró létí omi, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé inú ẹ́sítéètì yìí lẹ ń gbé?"

Mo bọ́ jígí omi kúrò lójú, mo ṣí fìlà rọ́bà. "Mr. Gary, èmi ni. Òdìkejì títì yín ni ilé wa. Àkàbà ọkọ mi ṣì wà lọ́wọ́ yín."

Ó pọ́n bí ata. Ó ní gbogbo èèyàn lòun ń bi. Mo wo apá kejì púùlù, níbi tí ìdílé funfun kan ti ń jẹ písà. Mọ̀lẹ́bí aládùúgbò wa kan ni wọ́n, Loganville ni wọ́n ti wá, wọ́n ti sọ fún mi fúnra wọn. Mr. Gary ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Miss Loretta náà wò wọ́n. Ó jáde kúrò nínú omi, ó ní àárẹ̀ mú òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, káàdì wa ò ṣí géètì mọ́. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni. Ìkéde wá jáde pé ẹgbẹ́ onílé máa ṣèpàdé, wọ́n fẹ́ fi òfin de àlejò ní púùlù pátápátá.

"Fi í sílẹ̀," ni ọkọ mi wí. "Ṣé omi la wá wẹ̀ ní Amẹ́ríkà?"

"Èmi wá wẹ̀ ẹ́."

"Àwọn èèyàn yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sí wa lára. Ẹ̀yìn ọ̀la ni kí o máa rò."

"Wọ́n ti ń fojú sí wa lára láti ìgbà tí orúkọ rẹ ti ń ra ilé," mo ní. "Ìyá yẹn ti léfòó lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ kó tún léfòó."

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìpàdé dé, òun ló kọ́kọ́ múra tán, ó sì de táì. Ó ní bí wọ́n bá máa lé Williams, kí wọ́n rí i pé Williams ni wọ́n ń lé.

Gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ púùlù la ti ṣèpàdé. Wọ́n kọ́kọ́ lo àkókò gígùn lórí ìgbẹ́ ajá. Wọ́n bá ọ̀dà ilẹ̀kùn ẹnìkan wí. Mr. Gary wá dìde, ó ní àwọn tí a ò mọ̀ ti ń pọ̀ jù ní púùlù, pé ọ̀rọ̀ ààbò ni. Mo ti pe Miss Loretta wá gẹ́gẹ́ bí àlejò mi. Ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ bí àwo. Ó nawọ́ sókè.

"Ẹni tí ẹ ò mọ̀, èmi ni. Loretta lorúkọ mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Mo ti rí i lójú mi tí wọ́n dí púùlù kan rí, kí irú mi má bàa wọ̀ ọ́. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo dúró, mo ń wò. Bí ẹ bá fẹ́ dí èyí náà, ẹ kàn sọ ọjọ́ fún mi. N óò gbé ṣọ́bìrì wá. Lọ́tẹ̀ yìí, n ò ní dúró wò."

Obìnrin ará Kòríà kan tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ bi wọ́n pé ìyá òun tó ń bọ̀ láti Seoul ńkọ́, ṣé àlejò lòun náà? Bàbá kan bi wọ́n pé àwọn ọmọ-ọmọ òun ńkọ́? Ni ariwo bá sọ. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti hàn pé kò sí ilé tí kò ní àlejò. Nígbà tí wọ́n dìbò, ìwọ̀nba àwọn tó wà níwájú nìkan ló nawọ́ fún òfin náà. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wá. Kọ̀ǹpútà kàn sàn fúnra rẹ̀, káàdì wa sì tún ń ṣí géètì.

Ọkọ mi ò tú táì náà títí a fi jẹun tán.

Láti ìgbà náà, a ò pa Sátidé kan jẹ. Mo yege ìdánwò mi ní àsìkò yẹn, mo di nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà náà. Inú púùlù ni mo ti sọ fún Miss Loretta, ó sì fi ariwo tirẹ̀ lé ẹyẹ lórí igi. Lọ́jọ́ kan, màámi pè mí lórí fídíò nígbà tí a wà nínú omi. Mo gbé fóònù sí Miss Loretta lójú. Màámi ń sọ Yorùbá, Miss Loretta ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Màámi ní kó máa ta ẹsẹ̀ dáadáa. Miss Loretta ní a dúpẹ́, ara òun le. Inú àwọn méjèèjì dùn pé àwọn gbọ́ra yé.

Òpin ẹ̀ẹ̀rùn ti ń sún mọ́lé nígbà tí Mr. Gary tún wá. Ó gbé àkàbà wa lọ́wọ́. Ó fi í ti ọgbà irin, kò sì lọ. Miss Loretta ń lúwẹ̀ẹ́ lọ láti etí kan sí etí kejì, níbi tí omi ò ti jìn.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló gbà á?" ó bi mí.

Mo ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Kò wò mí. Omi ló ń wò. "Wọ́n dí ti ìlú tiwa náà," ó ní. "Ìyá mi nawọ́ sókè pé kí wọ́n dí i. Àwọn olówó gbẹ́ tiwọn. Bàbá mi ò ní owó tí wọ́n fi ń wọ tiwọn." Ó ti bàtà rẹ̀ síwá, ó tì í sẹ́yìn. "N ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ omi yìí, n ò wọ̀ ọ́ rí."

Mo wá lọ bá Miss Loretta nínú omi, mo sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́, pé ó jọ pé bàbá náà fẹ́ kọ́. Ó di etí púùlù mú, ó wo bàbá náà fún ìgbà pípẹ́.

"Má bi mí léèrè," ó ní. "Mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n n ò ní bá a di ẹsẹ̀ mú. Ìwọ ni kó o kọ́ ọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mr. Gary dúró nínú omi tó mu ún dé ìbàdí, ó wọ ṣòkòtò péńpé tó ṣì ní láíìnì áyọ́ọ̀nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí púùlù mú bí ẹni pé ilé fẹ́ wó. Mo ní kó ta ẹsẹ̀. Kò gbà. Mo ní kó mí. Ó gbàgbé.

Miss Loretta ti wà ní òdìkejì, níbi tí omi ti jìn, ibi tí kò dé rí. Kò sọ fún mi pé òun ń lọ síbẹ̀. Kí n tó yíjú, ó ti fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó ti ń bọ̀, apá kan lẹ́yìn èkejì, omi ń pín níwájú rẹ̀. Kò yára. Kò dúró. Ojú ibi tí Mr. Gary dì mú gan-an ló ń bọ̀ wá gbá. Nígbà tó kù díẹ̀, ó gbé orí sókè.

"Mr. Gary," ó ní, "ẹ yà fún mi. Mò ń kọjá."

Bàbá náà wo omi, ó wò ó. Ó tú ọwọ́ kan sílẹ̀, ó tú èkejì, ó sì yà. Miss Loretta fọwọ́ kan ògiri, ó yípo, ó ta ẹsẹ̀, omi fọ́n sí Mr. Gary lójú, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.